Ojú tó ṣú tó sì tún là: lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

O ní ojú òsì rẹ ṣàdédé ṣú lánàá, bí ẹni fa kọ́tìnì wálẹ̀, kò dùn ọ́ rárá, nígbà tó sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó là padà. O ní wàá ya kẹ́míìsì lọ ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Jọ̀wọ́, má rà á. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ojú ló ní wàhálà, kò sí oògùn kíkán tó lè dé ibẹ̀.

Gbé ìka lé ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ, lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni o, má tẹ méjèèjì pọ̀. Ohun tó ń lù kì-kì-kì yẹn ni iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ló ń bọ́ ojú, èyí tó kù ń lọ sí ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí sìgá bá ti ba inú iṣan náà jẹ́, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì máa nípọn bí ìpẹtà ṣe ń dí páìpù omi. Ọjọ́ tí ègé kan bá já níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ. Bó bá wọ ẹ̀ka ti ojú tó há, ojú á ṣú. Bó bá fọ́ tó sì kọjá, ojú á là. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọpọlọ ló gbà, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Oríta lásán ló pín wọn. Ìdí nìyí tí ojú tó là padà yìí fi bà mí lẹ́rù ju ojú tó ń yún tó sì ń pọ́n lọ.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló léwu jù, nítorí náà òní ni kí o lọ, má dúró de ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ka pàjáwìrì UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ni kí o gbà lọ, má lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta awò ojú. Sọ fún wọn pé ojú kan ṣú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì là. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n á yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á fi ẹ̀rọ ECG wo bí ọkàn ṣe ń lù, torí ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti inú ọkàn tí kì í lù déédéé wá. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi sikáànì wo ọrùn. Bí wọ́n bá gbàgbé ti ọrùn, ìwọ ni kí o béèrè.

Bó bá tún ṣú tí kò là mọ́, wo aago, kọ àkókò náà sílẹ̀, kí o sì sáré lọ. Awọ tó ń gba àwòrán ní ẹ̀yìn ẹyinjú kì í pẹ́ kú tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, níbi tí wọ́n bá ti ní in, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń rò ó mọ. Ẹni tó bá ní kí òun sùn ná, bóyá ilẹ̀ á mọ́ kó ti là, àkókò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbà ba ojú jẹ́, ó sì wọ́pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ojú, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé àti èyí tó ń gbé e jáde máa ń gun ara wọn, awọ kan náà ló sì wé wọn pọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí èyí tó ń gbé wọlé bá ti le, á tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, á ya sára awọ ẹ̀yìn ẹyinjú, omi á sì rọ́ sí àárín gan-an ibi tí a fi ń kàwé. Ẹni náà á jí láàárọ̀, ojú kan á ti di kùrukùru. Abẹ́rẹ́ inú ojú ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, lóṣooṣù níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gba ẹyọ kan tí wọn ò padà lọ ló ń kábàámọ̀ jù. Bí awọ náà bá wà láìrí ẹ̀jẹ̀ tó, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, iṣan tuntun tí kò lágbára lè hù síwájú ẹyinjú, á dí ibi tí omi inú ẹyinjú ń gbà jáde, ìrora á wá dé. Ojú tó bá dé ibẹ̀ kì í sábà ríran mọ́.

O mọ̀ pé ìfúnpá rẹ máa ń tó 160/100, síbẹ̀ ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ nìkan lo ń lo oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí rárá. Lò ó lójoojúmọ́, kódà nígbà tó bá ti walẹ̀, torí oògùn náà ló mú un walẹ̀. Bí o bá gbàgbé tàná, má gbé méjì mì lónìí; ìfúnpá tó já wálẹ̀ lójijì náà lè pa iṣan tó ń mú ojú ríran lára. Nígbà tí o bá fẹ́ wọ̀n ọ́n nílé, jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà ní déédéé àyà. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. 135/85 sókè ti pọ̀ jù nílé. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ lóòjọ́, mágí inú ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà.

Bá mi sọ fún àbúrò rẹ náà. Torí pé SC ni, kì í sábà ní ìrora egungun bí àwọn SS, ó sì rò pé ara òun le. Nínú ojú, àwọn SC ni iṣan wọn sábà máa ń bàjẹ́ jù. Ọdọọdún ló yẹ kí dókítà ojú máa wò ó.

Bí o bá ń lọ, kó gbogbo oògùn rẹ dání. Wọ́n á kán nǹkan sí ọ lójú kí ihò dúdú àárín rẹ̀ lè fẹ̀, á gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ojú nìkan ni ibi tí dókítà ti lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ kedere láì fi abẹ kan ara, nítorí náà jẹ́ kí wọ́n kán an. Ìran rẹ á ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, fún ìdí èyí má wakọ̀ lọ. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ lọ, kí o sì pè mí nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀.

Ìyá rẹ