Fúnmi, ta ni yóò buwọ́ lù ú?

Ẹ̀pẹ́, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Fúnmi mi,

O kú oríire o. Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ tán, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Fúnmi tí a jọ ń du omi fọ yunifọ́ọ̀mù ní họ́sítẹ́lì ló wá di “nurse practitioner”, nọ́ọ̀sì onípò gíga tó ń yẹ aláìsàn wò, tó ń sọ ohun tó ń ṣe é, tó sì ń kọ oògùn fún un! Inú mi dùn ṣìnkìn.

Àmọ́ ibi tí o ti ní o ṣì ń sanwó oṣooṣù fún dókítà kan nítorí àdéhùn tí ẹ jọ buwọ́ lù kí o tó lè kọ oògùn ní Texas, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti dá fóònù dúró. Dókítà tí kò rí ojú aláìsàn rẹ rí! O ní bí o bá wakọ̀ kúrò ní El Paso, tí o bọ́ sí New Mexico, ìpínlẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì irú rẹ kò nílò ìbuwọ́lùwé dókítà kankan. Bí ẹni pé mo wọ mọ́tò ní Ẹ̀pẹ́, kí n tó dé Ìjẹ̀bú-Òde ọpọlọ mi ti pé sí i torí pé mo kúrò ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Gbọ́ tèmi, èmi nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ níbí. Náìtì ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n gbé aboyún kan dé láti òdìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e, ìró rẹ̀ tutù rinrin, gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an, 180/120. Mo pe dókítà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e. Mo po magnesium, oògùn tó ń dá gìrì dúró: gíráàmù 4 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, ojú mi ò kúrò lára aago, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí tòsì. O mọ bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe ń ta. Mo ń ka èémí rẹ̀, mo ń gbá orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta. Mo fún un ní labetalol kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, a sì wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Obìnrin ló bí, tìyá tọmọ wà láàyè.

Lóru, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìwé àṣẹ. Àárọ̀ ni ọ̀gá kan ní kí n kọ àlàyé ìdí tí mo fi fún un ní labetalol kí dókítà tó kọ ọ́.

Bí mo bá lọ ka másítà ní Ìbàdàn nísinsìnyí, ohun tí wọ́n gbà kí n kọ sínú fáìlì níbí kò ní yí padà. Ìbàdàn yẹn kan náà o, 1965 ni ẹ̀kọ́ oyè nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Henry Silver, dókítà àwọn ọmọdé, jọ dá iṣẹ́ tìrẹ sílẹ̀ ní Colorado. Màmá Ford pé ọdún 104 kó tó kú ní oṣù Kínní 2025, síbẹ̀ wọn ò tíì bá a yanjú ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ní Texas.

Má bínú, n ò ní gbè ọ́ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà ń sọ, pé wákàtí ìkọ́ṣẹ́ yín kéré, kì í ṣe ìlara lásán. Ìwọ lo sọ fún mi pé ilé ìwé yín ní kí ẹ fúnra yín wá ẹni tí ẹ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ẹnì kan nínú yín fi wákàtí díẹ̀ lé ní 500 parí, kò sì ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù rí. Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣọ́ ìyẹn dáadáa! Ìwọ tó lo ọdún 11 ní wọ́ọ̀dù ńkọ́? Ti New York ló wù mí: láti 2022, ẹni tó bá ti ṣe ju wákàtí 3,600 lọ, kò nílò àdéhùn dókítà mọ́.

Bí New Mexico bá gbà ọ́, kó ẹrù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀dà àdéhùn yẹn ránṣẹ́ sí mi, pa orúkọ dókítà náà rẹ́. Mo fẹ́ so ó mọ́ àlàyé tí wọ́n ní kí n kọ, kí ọ̀gá mi rí i pé ohun tí mo ṣe lóru, àwọn kan ń kọ ọ́ sínú ìwé lọ́sàn-án gangan.

Mo ra ẹja gbígbẹ fún màmá rẹ ní ọjà Olúwo. Wọ́n ní láti Sátidé o ò tíì pe àwọn.

Èmi ni,
Múnírátù