Ẹ máa yẹ ṣúgà àwọn aláìsàn ọpọlọ wò

Olóòtú,

Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn ọpọlọ láàárín àwọn ará abúlé ní Àrò, ní Abẹ́òkúta níbí. Síbẹ̀, ẹ̀rín la ṣì ń fi irú wọn rín nílùú wa.

Àbúrò mi ń lo olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo láfún méjì ò tó o mọ́. Ó sanra, à ń yọ̀ (àwa náà kúkú fẹ́ràn ẹni tó bá sanra), àṣé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń gòkè! Oògùn náà lè fà á. Àìsàn ọpọlọ fúnra rẹ̀ náà lè dá kún un. Ilé ìwòsàn tó ń lọ ò yẹ ṣúgà rẹ̀ wò rí.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọn ìwúwo àwọn tó ń lo irú oògùn yìí, kí ẹ yẹ ṣúgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣàdéédéé dá oògùn wọn dúró o.

Òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta