Ríbọ́ńnì Bàbá Kì Í Ṣe Aṣọ Ẹbí

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé òtútù Leeds ò tíì gbé ẹ lọ? Ọyẹ́ ló ń bá wa fínra níbí ní tiwa. Láàárọ̀, èèyàn ò rí orí Olúmọ, ètè gbogbo wa ti là. O ní kí n sọ bí Bàbá ṣe wà. Orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu o, ẹnu wọn le koko. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi jáde nílé.

O mọ̀ pé ọjọ́ 15 oṣù yìí ni wọ́n ń ṣèrántí àwọn ológun, torí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Bàbá kì í fi í ṣeré. Ọdún 1967 ni wọ́n wọ iṣẹ́ sójà, tí ìyá wọn tó ń ta ẹja ní Láfẹ́ńwá fi bínú tí ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan. Ọdún 32 ni wọ́n lò níbẹ̀. (Ti owó ìfẹ̀yìntì, má jẹ́ n sọ ọ́, kí n má baà fi ìwé yìí ṣépè.) Báyìí ni wọ́n gbé agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó mẹ́dà sí jáde, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n ń fi Brasso àti àkísà nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán yinrin.

Mo wá rí i pé ríbọ́ńnì ọ̀kan ti fẹ́ já, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí. Mo yọ́ mú un lọ sí Ìtòkú. Gbogbo aṣọ ayé ṣáà ló wà níbẹ̀! Mo ra ríbọ́ńnì búlúù kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan èlò aránṣọ, mo rán an mọ́ ọn, mo dá a padà sínú agolo. Inú mi ń dùn.

Bàbá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan péré. "Ta ló fi aṣọ ẹbí so Lẹ́bánónì mi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní irin kan náà ni UN, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń fún sójà tó bá lọ pẹ̀tù síjà, ìbáà jẹ́ Lẹ́bánónì, ìbáà jẹ́ Sàró; ríbọ́ńnì nìkan ló ń sọ ibi téèyàn lọ. Sójà gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ kó tó gbà á. "O pààrọ̀ ríbọ́ńnì, o ti gbé mi kúrò níbi tí mo wà." Ọdún 1978 ni Nàìjíríà kó ọmọ ogun lọ sí Lẹ́bánónì, 1983 ni wọ́n kó wọn kúrò. Ibẹ̀ ni Bàbá ti kọ́kọ́ rí yìnyín, lórí òkè kan lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n rò pé àlà ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀.

Ṣíbí kan wà nínú agolo yẹn, tí mo ti rò láti kékeré pé òun ni wọ́n fi ń ṣí ìdérí. Mo bi wọ́n. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn kan ló yá wọn lórí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ECOMOG, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Monrovia ní Làìbéríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990. Wọn ò tíì bọ́ sílẹ̀ dáadáa ní èbúté tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀, ti ń yìnbọn. "N ò rí i dá padà fún un." Ó tán. Wọ́n fi àkísà nu ṣíbí náà, wọn ò fi Brasso kàn án.

Lọ́jọ́ 15, wọ́n ní kí n tú iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí n so ríbọ́ńnì tó já yẹn padà. Òun náà ni wọ́n fi sáyà òsì, wọ́n dé bẹ́rẹ́tì, wọ́n bọ́ sóde.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Mo gbọ́ pé àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ríbọ́ńnì mẹ́dà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń gé e tà bí aṣọ. Bá mi bèèrè ti UNIFIL, ìyẹn ti ọmọ ogun UN ní Lẹ́bánónì, ẹsẹ̀ bàtà kan ti tó. Bàbá ní kí n sọ fún ẹ pé tí wọ́n bá ní kò sí, kó o má gba òmíràn o.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni tìẹ,
Àbẹ̀kẹ́