Ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra kọ́ ni gbèdéke ẹrù

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà oníṣòwò kajú kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan rẹ́ òun jẹ, nítorí pé wọn kò gba kọ̀ńténà òun wọlé nígbà tí ọkọ̀ tí yóò gbé e kò tíì dé èbúté Àpápá rárá. Ìbínú rẹ̀ yé mi, àmọ́ n kò lè gbè é lẹ́yìn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ajẹ́ntì ẹrù ní Àpápá, àṣìṣe tí mo sì ń rí jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí òkè òkun ni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka àwọn gbèdéke tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní kọ́tọ́ọ̀fù.

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ mọ iye kọ̀ńténà tí yóò wọ̀ ọ́ àti èyí tí yóò wà nísàlẹ̀ tàbí lókè. Gbèdéke ìwé ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé: orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, irú ẹrù àti iye àpò, tí wọn yóò fi kọ bill of lading, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń jẹ́rìí pé òun ti gba ẹrù láti gbé. Bí Amẹ́ríkà bá ni ẹrù ń lọ, kò sí àyè à ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, torí pé láti ìparí ọdún 2002 ni òfin àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ ti sọ pé àkọsílẹ̀ ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ àwọn lọ́wọ́, ó kéré tán, ní wákàtí 24 kí wọ́n tó gbé kọ̀ńténà sínú ọkọ̀ níbi tó ti ń bọ̀, kì í ṣe kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí tí àwọn ènìyàn fojú tín-ín-rín jù ni gbèdéke ìwọ̀n, tí gbogbo wa mọ̀ sí VGM, ìyẹn àpapọ̀ ìwọ̀n kọ̀ńténà àti ẹrù inú rẹ̀ tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2016, lábẹ́ SOLAS, òfin àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, kọ̀ńténà tó ní ẹrù nínú kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ti fi ìwọ̀n rẹ̀ tó dájú sílẹ̀. Ẹ lè wọn kọ̀ńténà náà lódindi lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í tán, tàbí kí ẹ wọn ẹrù àti gbogbo ohun tí ẹ fi dì í, kí ẹ sì ro ìwọ̀n kọ̀ńténà òfìfo mọ́ ọn. Ìfojúdá kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ìyọnu lásán ni, bóyá wọn kò gbọ́ nípa MSC Napoli, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ya nínú ìjì ní oṣù kìíní ọdún 2007, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé gúnlẹ̀ sí etíkun Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wọn 660 nínú àwọn kọ̀ńténà orí rẹ̀, 137 ni ìwọ̀n wọn fi ju tọ́ọ̀nù 3 lọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ti ẹnu géètì ló kù, òun ló sì dun oníṣòwò yìí. Ọjọ́ kan wà tí èbúté yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù ọkọ̀ kan, wákàtí kan sì wà tí wọn yóò dẹ́kun. Ẹni tó bá yá jù, wọn yóò dá a padà, ẹni tó bá sì pẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Oníbàárà mi kan fi wákàtí méjì pẹ́. Ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n yí ẹrù rẹ̀ sí gbéra lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ tí letter of credit rẹ̀, ìyẹn ìwé tí báńkì fi ṣèlérí láti sanwó ọjà bí àdéhùn inú rẹ̀ bá pé, fi sílẹ̀ fún gbígbé ẹrù sì ti kọjá. Báńkì kò sanwó. Olùrajà tó wà ní Vietnam wá rí àyè já owó ọjà náà wálẹ̀, díténṣàn, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbà bí kọ̀ńténà rẹ̀ bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, sì tún ń gorí ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ẹjọ́ tiwọn láti jẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ọkọ̀ bá yẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kọ́tọ́ọ̀fù bá a yẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó dúró síbi tó wà. Ímeèlì kan ṣoṣo ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ajẹ́ntì, ajẹ́ntì mìíràn kò sì ní sọ fún ẹni tó ń di ẹrù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa fi ọjọ́ àti wákàtí náà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni ẹrù.

Ní ti oníṣòwò wa, kí ó béèrè gbogbo gbèdéke wọ̀nyí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fún un láyè nínú ọkọ̀, kí ó sì máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ẹnu géètì. Kí ó má gbàgbé pé láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ní láti gba ìpè lórí Ẹ̀tọ́, ètò orí ayélujára tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ akẹ́rù wọ èbúté, kó tó sún mọ́ Àpápá. Bí kọ́tọ́ọ̀fù bá jẹ́ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ajé ni èmi yóò fẹ́ kí kajú náà ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ajẹ́ntì ẹrù kan,
Àpápá, Èkó.