Ẹ Fi Àyè Gba Eléré Yorùbá ní Ìgànmú

Sí Olóòtú,

Inú mi dùn pé wọ́n ti tún ilé ìṣeré ńlá Ìgànmú ṣe, èyí tí wọ́n kọ́ bíi fìlà sójà nítorí FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sì fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní 2024. Ṣùgbọ́n kí ilé náà tó wà rárá ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ìtàgé ní Glover Hall, ní Erékùṣù Èkó, ní 1944, ọ̀nà tó là sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjó tọ̀.

Mo bẹ àwọn alábòójútó kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún eré Yorùbá, pẹ̀lú onígángan lórí ìtàgé gan-an, kí owó ìwọlé sì jẹ́ èyí tí apá ìyá ọlọ́jà Mushin àtàwọn ọmọ rẹ̀ ká.

Òǹkàwé yín,
Yaba, Èkó.