641 kì í ṣe oríire

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn gan-an pé ẹ fún 4294967297 láyè nínú ìwé ìròyìn yín tó kọjá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni n kò lè fara mọ́: ẹ ní Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò nì, kàn ṣe kòńgẹ́ 641 tó pín in ni. Rárá o. Ó ṣiṣẹ́ ọpọlọ kí ó tó débẹ̀, iṣẹ́ náà sì dùn ju èsì rẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò ka ti tẹ́lẹ̀: ẹ mú 3, ẹ yọ 1 kúrò, ẹ fi èyí tó kù lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi 1 kún un. 5 dé nìyẹn. Ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀, 17 yóò dé, lẹ́yìn náà 257, lẹ́yìn náà 65537. Nínú máràrún, kò sí èyí tí nọ́ńbà mìíràn lè pín láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ní 1640, Pierre de Fermat, agbẹjọ́rò ará Faransé, gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó kù yóò ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ̀rí. 4294967297 ni ìkẹfà. Christian Goldbach fi lẹ́tà pe Euler sí ọ̀rọ̀ náà ní 1729, nígbà tó sì di 1732, Euler fi hàn pé 641 lọ́nà 6700417 ni.

Bí èèyàn bá ń fi àwọn nọ́ńbà aláìṣeépín (àwọn tí kò sí ohun tó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn) dán an wò láti orí 2, 3, 5, 7 lọ, 641 ni yóò ṣe ìkẹrìndínlọ́gọ́fà. Ṣùgbọ́n Euler ní ẹ̀rí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, pé èyíkéyìí nínú wọn tó bá lè pín 4294967297 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 kù nígbà tí a bá fi 64 pín òun náà. Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe fúyẹ́: 193, 257, 449, 577, 641. Ìkarùn-ún ló bọ́ sí! Ní 1878, Édouard Lucas fi hàn pé 128 gan-an ni ká fi pín in, ó wá ku 257 àti 641 péré.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ jáde. 641 jẹ́ 5 lọ́nà 128 pẹ̀lú 1. Ó tún jẹ́ 625 pẹ̀lú 16. Níwọ̀n bí ó ti ku 1 kí 640 pé 641, bí ẹ bá kọ 640 lẹ́ẹ̀mẹrin tí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 1 ni yóò ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ bá fi 641 pín èsì rẹ̀. Nítorí pé 640 jẹ́ 5 lọ́nà 2⁷, èsì yẹn kan náà ni 625 lọ́nà 2²⁸. 625 sì rèé, 16 ló kù kó pé 641, nítorí náà ẹ lè fi −16 rọ́pò rẹ̀: −2³² náà yóò ṣẹ́ 1 kù. A jẹ́ pé 2³² pẹ̀lú 1, tí í ṣe 4294967297 fúnra rẹ̀, kò ní ṣẹ́ ohunkóhun kù. Ẹ ò rí i pé a kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìpín gígùn rárá!

Bí ẹ bá fẹ́ kọ nípa ìkeje, 18446744073709551617, Fortuné Landry pín in ní 1880. 274177 ló lò, òun náà sì ń ṣẹ́ 1 kù bí a bá fi 256 pín in. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ìyẹn náà ní kòńgẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín.