Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó ń fò láìní ẹ́ńjìnnì

Bọ̀dá mi,

Àpótí yín dé Iléṣà lọ́jọ́ Ajé. Kóòtù méjì, Bíbélì Bàbá, àti ìwé pẹlẹbẹ kan ni ìyàwó yín kó sínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé gbèsè ni. Àṣé ibẹ̀ lẹ ń kọ gbogbo fífò yín sí: ọjọ́, irú gíláídà, aago tí ẹ gbéra, aago tí ẹ balẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Tí wọ́n bá ti dáná sungbó lẹ́yìn Ìmọ̀, ẹ ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná, ẹ ó lọ máa wo àwòdì tó ń yípo lókè èéfín láìju apá. Nígbà tí ẹ rí ìwé àṣẹ ìlú òyìnbó gbà, Màmá ní àwòdì tó ń re Ìbarà ni yín, ẹ̀fúùfù ló ta yín nídìí pẹ́. Àwọn náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo Ìjọ̀kà pé ọmọ àwọn ń wa bàálù. Mo ní kì í ṣe bàálù, gíláídà ni, kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Kí ló wá gbé e dúró?"

Ẹ ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ kan ní ìpẹ̀kun pápá á ká wáyà kíákíá, gíláídà á ta sókè. Tó bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà bí 1,000, ẹ ó fa kókó yẹ́lò, wáyà á já bọ́. Atẹ́gùn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ wá kọ lu òkè Long Mynd níbẹ̀ ní ìlú òyìnbó, kò ríbi gbà, ó gba òkè lọ; òun lẹ ń gùn lọ gùn bọ̀. Ẹ ní òwú pupa kan ló wà lára gíláàsì níwájú yín, tó bá ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti ń fò gba ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí. Gbogbo owó yẹn, òwú!

Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, 2014, Sátidé. Ẹ fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbéra ní 11:20, ẹ balẹ̀ ní 16:31. Mo mọ̀ pé wákàtí márùn-ún wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún yín ní Sílífà, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó ń fi gíláídà fò, pẹ̀lú kìlómítà 50 àti gíga mítà 1,000. Ẹ rí i gbà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo wà. Aago tiwa àti tiyín kì í yàtọ̀ nígbà ooru yín, nítorí náà mo lè kà á papọ̀. Mo pè yín láago méjìlá kù díẹ̀. Màmá ní, "Ṣé ó ti gbé e?" Mo pè láago kan, wọ́n tún bi mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọn ò bi mí mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún nígbà tí nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò wọ́n lójú.

Ẹ pè mí padà láago márùn-ún kọjá. Ẹ ní ibi iṣẹ́ lẹ wà.

Bọ̀dá, mi ò bínú pé ẹ fò. Ta ni yóò gbé fóònù lókè ibẹ̀ yẹn? Ibi iṣẹ́ tí ẹ pè é ló ń ta mí lára. Ọjọ́ ìsìnkú náà, ìwọ̀nba owó oṣù yín lẹ ń ṣàlàyé fún àwọn ẹbí, mo sì ń bá yín ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìjì òjò tó kọjá ti ṣí òrùlé ilé wa. Páànù mẹ́tàdínlógún, ọ̀kan há sórí igi máńgòrò aládùúgbò. Owó tí káfíńtà dá lé e ju owó ìfẹ̀yìntì mi oṣù mẹ́rin lọ. Gbogbo ẹbí ń pè láti mọ iye tí mo ti rí kó jọ, ni mo bá ń jẹ́ kó dún.

Ọmọ mi obìnrin pè láti Kánádà lánàá, bí mo ṣe jókòó sí yàrá Màmá tí mò ń ka ìwé yín. Mo ń wò ó títí tó fi dákẹ́. Àwòdì kan wà lókè, níbi tí àjà wà tẹ́lẹ̀, ó ń yípo, kò ju apá. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló lò kó tó gba ọ̀nà Ìmọ̀ lọ.

Àbúrò yín.